Òógùn kọ́ ló ń rùn

Ní Èkó, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí lè dá yín dúró lójú títì kó sọ fún yín pé síìpù yín ṣí sílẹ̀. Wọ́n á ní ẹ ti sanra jù, wọ́n á ní irun iwájú yín ti ń já. Ṣùgbọ́n bí abíyá yín bá ń rùn, kò sẹ́ni tí yóò là á mọ́ yín lójú. Wọ́n á kàn fa gíláàsì dáńfó sẹ́yìn, wọ́n á kọjú sí ọ̀sà bí ẹni tí kò rí omi rí. Ẹ̀yin fúnra yín kò sì ní mọ̀, torí pé òórùn tí imú bá ti ń gbọ́ láti àárọ̀ kì í pẹ́ mọ́ ọn lára. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Lọ́fíńdà ni ìyẹ́ tiwa níbí. (Àwọn tó mọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ní adìẹ kì í làágùn rárá, ẹnu ló máa ń là sílẹ̀ bí ooru bá mú un. Ìyẹn ò ba òwe jẹ́.)

Ọṣẹ àti ìpara ni mò ń ṣe tà ní Ṣómólú. Kẹ́mísírì ni mo kà nílé ìwé, nítorí náà bí oníbàárà bá bi mí nípa òórùn ara, kì í wù mí kí n kàn fi atíkè dá a lóhùn. Ẹni tó wá tì mí sínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá ni ọmọkùnrin kan tó ń ṣe kọ̀ndọ́ ọkọ̀ Ọbáléndé, tó máa ń ra ọṣẹ dúdú lọ́wọ́ mi. Ẹ mọ bí kọ̀ndọ́ ṣe ń dúró: ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan níta, ọwọ́ kan di òrùlé mú. Abíyá rẹ̀ á wá ṣe déédéé imú ẹni tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, mò ń wẹ̀ o," ló wí. "Àárọ̀, alẹ́. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ màmá mi. Àmọ́ tí oòrùn bá ti mú báyìí, mo máa ń rí i lójú àwọn èrò."

"Róólọ́ọ̀nù ń kọ́?"

"Kì í bá mi dé Yábà, mà."

Mo gbà á gbọ́. Òógùn fúnra rẹ̀ kì í rùn, ìwẹ̀ nìkan kò sì lè parí ọ̀rọ̀ náà. Oríṣi orísun òógùn méjì ló wà lára wa. Àkọ́kọ́ wà káàkiri ara, ó ju mílíọ̀nù méjì lọ lára ẹnì kan ṣoṣo, omi àti iyọ̀ ló ń tú jáde, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú ara tutù. Èkejì wà ní abíyá àti ní abẹ́, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ọmọ yóò fi bàlágà. Ohun tí èkejì yìí ń tú jáde ki díẹ̀, ọ̀rá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, imú ò lè gbọ́ nǹkan kan. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé awọ ara wa ló ń jẹ ẹ́, àjẹkù wọn ló ń rùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Corynebacterium ń sọ ọ́ di ásíìdì. Èkejì rẹ̀, Staphylococcus hominis, ló ń ṣe èyí tó burú jù, ohun kan tó ní imí-ọjọ́ nínú, tó ń rùn bí àlùbọ́sà tó ti ń jẹrà. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì York, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Unilever, fi ẹ́ńsáìmù, èròjà inú kòkòrò náà tó fi ń ṣe é, hàn gbangba. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé imú ènìyàn máa ń gbọ́ ohun onímí-ọjọ́ yìí kódà bó ṣe kéré tó pé òṣùwọ̀n wúrà kò lè wọ̀n ọ́n. Màá padà sórí ìyẹn.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìmọ̀ yìí. Jíìnì kan, ohun àjogúnbá inú ara wa, wà tó ń jẹ́ ABCC11. Ní 2006, àwọn olùwádìí ilẹ̀ Japan fi hàn pé òun ló ń pinnu bóyá ìdọ̀tí inú etí ènìyàn á gbẹ tàbí á rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí i pé òun náà ló ń pinnu bóyá oúnjẹ àwọn kòkòrò abíyá á jáde dáadáa. Ẹni tí ìdọ̀tí etí rẹ̀ bá gbẹ, abíyá rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ní Japan, Kòríà àti Ṣáínà. Ní tiwa ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa ni tiwa rọ̀. Síbẹ̀, Japan yìí gan-an ló mú ọ̀rọ̀ aṣọ tó ń gbé òórùn mì le jù lọ láyé. Wọ́n ní àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sára aṣọ tó bá yege ìdánwò, àwọn ìdánwò irú èyí ló sì wá di ìlànà àgbáyé ISO 17299 ní 2014. Ohun tí wọ́n fi ń dán aṣọ wò ni àmóníà, ásíìdì inú fínígà, isovaleric acid tó máa ń mú kí ìbọ̀sẹ̀ rùn, àti nonenal, èyí tí àwọn ará Shiseido, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣaralóge ilẹ̀ Japan, rí ní 2001 lára àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn tí kì í rùn ló ń wá oògùn òórùn. Àwa tó kàn gbọ̀ngbọ̀n, òrombó wẹ́wẹ́ là ń gé sí méjì.

Òrombó náà kì í ṣe irọ́ o. Kíkan rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò náà rọ̀ṣọ̀mù. Àmọ́ bí oje rẹ̀ bá wà lára awọ tí oòrùn sì pa á, ó lè jó ara débi pé yóò wú, yóò sì dúdú fún ìgbà pípẹ́. Mo ti rí i lọ́rùn àwọn ọmọge tó fi í pa ara lọ sí òde ọ̀sán. Álọ́ọ̀mù náà ń ṣiṣẹ́, ó sì bá róólọ́ọ̀nù tó ń dí òógùn tan, torí pé alumíníọ̀mù ló wà nínú àwọn méjèèjì. Iyọ̀ alumíníọ̀mù inú róólọ́ọ̀nù ń di nǹkan bí ògì nínú ojú òógùn, á sì dí i fún ìgbà díẹ̀. Oníbàárà sábà máa ń rò pé á dí i pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, bí èròjà bá ti lè dín òógùn kù ní ìdá 20 nínú 100, òfin gbà kó pe ara rẹ̀ ní adín-òógùn-kù. Alẹ́ ló yẹ kéèyàn fi í pa abíyá tó gbẹ, kó tó sùn. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àárọ̀ la ń pa á, lórí ara tó ṣì tutù láti ilé ìwẹ̀, ká tó sáré lọ dúró sí bọ́sítọ́ọ̀bù. Lọ́fíńdà ní tirẹ̀, ó ń fi ètè sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá. Bí òun àti òórùn abíyá bá pàdé ní ọ̀sán, ẹ̀kẹta tí wọ́n ń bí kò ṣe é fẹnu sọ.

Ọ̀nà mìíràn wà tó yàtọ̀ sí pípa kòkòrò àti dídí òógùn: kí a wá ohun tí òórùn yóò lẹ̀ mọ́ lójú ọ̀nà, tí kò fi ní dé imú ẹnikẹ́ni. Èédú lọba nínú wọn. Kì í ṣe èédú tí a fi ń sun bọ̀ọ̀lì o, activated charcoal ni. Wọ́n á kọ́kọ́ sun èèpo líle àgbọn tàbí ti èkùrọ́ di èédú níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, wọ́n á wá fi ooru omi gbígbóná tó tó ìwọ̀n 800 sí 1,000 lórí Celsius gbẹ́ inú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi phosphoric acid ṣe é nínú ooru tó kéré sí ìyẹn. Ihò tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ á wá kún inú rẹ̀. Gíráàmù kan péré, tí a bá tẹ́ gbogbo ògiri àwọn ihò náà sílẹ̀, lè kọjá 1,000 mítà onígun mẹ́rin. Lára ògiri wọ̀nyẹn ni òórùn ń lẹ̀ mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ohun tó gba àwọn sójà lọ́wọ́ gáàsì olóró nìyẹn: ní 1915, Nikolai Zelinsky ṣe ìbojú onéèdú ní Rọ́ṣíà, ní 1918 sì ni wọ́n ń bẹ àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má da èèpo àgbọn àti kóró písì nù.

Ní Èkó, ẹ kò ní láti wá a jìnnà. Àwọn oníléeṣẹ́ píọ̀ wọ́tà ń lò ó nínú àsẹ́ omi wọn, àwọn tó ń tà á fún wọn lèmi náà ń rà á lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ bá gbẹ ẹ́ lórí iná dáadáa, tí ẹ jẹ́ kó tutù, tí ẹ wá bù ú sínú ife omi, ẹ gbé etí sún mọ́ ọn. Á máa ho ṣìì, ìfòfò wẹ́wẹ́ á máa gun òkè. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú àwọn ihò ni omi ń lé jáde.

Ẹ̀rí kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ní Ọjọ́ta, lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́míkà, zeolite wà níbẹ̀, ẹ̀tù funfun tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ máa ń lò. Òun náà kún fún ihò, tirẹ̀ sì tò lẹ́sẹẹsẹ nítorí kírísítà ni. Mo yan án nínú óófùnù, mo dé e pa títí ó fi tutù, mo bù ú sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Ìbejì tó ń bá mi ta ọjà, mo wá kán omi tútù lé e. Ó ju ọwọ́ sẹ́yìn. "Áà! Àǹtí, iná wà nínú ẹ̀!" Kò sí iná níbẹ̀. Omi ló sáré wọ àwọn ihò náà, ooru sì ni ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ibì kan báyìí máa ń tú sílẹ̀ bó ṣe ń jókòó.

Bí omi ṣe ń sáré wọ ihò yẹn gan-an ni ìṣòro wa ní Èkó. Afẹ́fẹ́ ibí lọ́wọ́ àárọ̀ sábà máa ń ní ọ̀rinrin tó kọjá ìdá 80 nínú 100. Ihò inú zeolite lásán dà bí ìjókòó dáńfó ní Ọ̀ṣódì láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́: omi ti tò síbẹ̀ látọ̀sán, nígbà tí òórùn bá fi máa dé, kọ̀ndọ́ ti ń pariwo pé ọkọ̀ ti kún. Èédú sàn díẹ̀, torí pé ohun tó bá ọ̀rá tan ló fẹ́ràn ju omi lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, omi á gba ihò tirẹ̀ náà. Ooru ara sì tún wà ńbẹ̀: bí ibì kan bá ṣe ń gbóná tó ni ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn ṣe ń rọrùn láti já. Ohun tí wọ́n bá dán wò nínú yàrá tútù tó gbẹ, kó má yà wá lẹ́nu tí kò bá dà bẹ́ẹ̀ lórí bíríìjì Third Mainland nígbà tí gósílóò bá mú.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà nìyí. Díódóráǹtì dúdú oléèdú ti pọ̀ lọ́jà báyìí. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: òróró àgbọn, òrí, ìda oyin, lọ́fíńdà, lẹ́yìn náà èédú. Òróró yẹn ti mu inú ihò èédú yó kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ń pò ó. Tí lọ́fíńdà bá tún wà níbẹ̀, èédú á gbé ìyẹn náà mì, oníbàárà á wá bínú pé kò ta sánsán. Bí díódóráǹtì bẹ́ẹ̀ bá ṣiṣẹ́, ẹ wá ohun mìíràn tó wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe é. Zinc oxide tàbí sodium bicarbonate ni yóò jẹ́, àwọn tó ń sọ ásíìdì òórùn di iyọ̀ tí kò lè fò dé imú. Èédú ibẹ̀ fún ojú ni. Wọ́n ti bi mí kí ló dé tí n kò ṣe tèmi. N kò lè máa ta àwọ̀ dúdú fún èèyàn.

Alágbàfọ̀ kan ní àdúgbò wa ló là mí lójú sí ibi tó yẹ kí èédú wà. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tó, kó gbẹ, kó máa ta sánsán, bí áyọ́ọ̀nù bá ti kan abíyá rẹ̀, òórùn á gbéra. Ẹ ó ti rí i rí. Ooru áyọ́ọ̀nù ń já ohun tó lẹ̀ mọ́ òwú aṣọ náà kúrò ni. Aṣọ tí a wọ̀ sọ́rùn ti ń gbé òórùn mì látìgbà yìí, àmọ́ ó ń pọ̀ ọ́ padà bí ara bá ti mú un gbóná. Pọ́líẹ́sítà ló burú jù níbẹ̀. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Ghent, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní kí àwọn ènìyàn 26 wọ ṣẹ́ẹ̀tì ṣe eré ìdárayá líle, wọ́n tọ́jú àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n wá ní kí àwọn mìíràn gbóòórùn wọn. Ti pọ́líẹ́sítà rùn ju ti òwú lọ, irú kòkòrò tó ń gbèrú lára rẹ̀ kò tilẹ̀ bá ti abíyá mu. Kí wá ni àwọn kọ̀ndọ́ wa ń wọ̀? Jẹ́sì bọ́ọ̀lù láti inú òkìríkà Katangowa, pọ́líẹ́sítà pọ́ńbélé, tí òógùn ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lókè òkun lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ á kúkú dọṣẹ.

Nítorí náà, ẹ gbé èédú kúrò lára awọ, níbi tí òróró àti òógùn ti ń bò ó mọ́lẹ̀, ẹ gbé e sínú aṣọ. Kì í ṣe èmi ni mo dá a. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ra ìpara lọ́wọ́ mi sọ fún mi pé aṣọ oléèdú wà tí wọ́n fi ń bo egbò tó bá ń rùn nílé ìwòsàn. Àwọn obìnrin Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ náà a máa rán aṣọ pélébé sí abíyá kí òógùn má ba ṣíliikì wọn jẹ́. Mo gbé e lọ bá Àlàájì, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó kọ́kọ́ ní àwọ̀ dúdú á jáde sára ẹ̀wù funfun, òtítọ́ sì ni. A kò wá lọ èédú náà kúnná mọ́, kóró rẹ̀ bíi ti gàrí la lò. Ó gé aṣọ òwú funfun ní ìlọ́po méjì, ó fi ẹ̀rọ tọ̀ ọ́ di ojú kéékèèké bí ilé oyin kó má baà wọ́ jọ sí ìsàlẹ̀. Fún ẹni tó bá ń wọ funfun, zinc oxide àti amọ̀ kaolin ló wà nínú tirẹ̀. Kò lágbára tó èédú, ṣùgbọ́n kò ní dójú ti ẹni.

"Kí n lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù?" Àlàájì bi mí.

"Rárá o, Àlàájì. Gọ́ọ̀mù á dí ihò rẹ̀. Ẹ bá mi fi bọ́tìnnì àtẹ̀mọ́ sí i, kó ṣe é yọ."

"Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ rẹ ti pọ̀ ju owó rẹ lọ."

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́? Lábẹ́ ìlànà ISO, wọ́n á fi aṣọ náà sínú àpò pẹ̀lú gáàsì òórùn, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ wọn iye tó kù. Èmi ò ní ẹ̀rọ, imú àdúgbò ni mo ní. A fi jẹ́sì tí kọ̀ndọ́ bọ́ nírọ̀lẹ́, tòun ti aṣọ oléèdú abíyá rẹ̀, sínú ìgò ẹlẹ́nu gbàǹgbà, a dé e, a gbé e sínú oòrùn, lẹ́yìn náà Ìyá Ìbejì, alágbàfọ̀ àti ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá a ṣí i gbóòórùn. Ibí ni mo ti rí bí ọ̀rọ̀ imú ṣe le. Bí ẹ bá mú ìdá 90 nínú 100 òórùn kúrò, imú ò ní sọ pé ó ti kù díẹ̀. Ó lè sọ pé ó rọ̀ díẹ̀ ni. Imú kì í ka òórùn bí ẹní ka owó. Àfi kí nǹkan náà lọ tán pátápátá kó tó gbà fún yín, pàápàá ohun onímí-ọjọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí ló fà á tí n kò fi gba àwọn tó ń kọ "ó ń pa òórùn ní ìdá 90" sára páálí ọjà wọn gbọ́, kódà bí òótọ́ bá ni.

Síbẹ̀ kọ̀ndọ́ náà padà wá. Ó ní ó ń bá òun kọjá Yábà, ó ń bá òun dé Ọbáléndé, ó ń bá òun padà, ìrọ̀lẹ́ ni agbára rẹ̀ ń rẹ̀. Mo ní kó máa yọ ọ́ lálẹ́, kó sá a sórí páànù, kó lọ̀ ọ́ gbígbẹ ní ìta gbangba. Áyọ́ọ̀nù á lé omi jáde, òórùn díẹ̀ á bá a lọ, èyí tó kù á dúró sínú èédú títí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí màmá rẹ̀ fi rí i lórí okùn, tó ní kí ni ẹlẹ́gbin yìí, tó rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ ìfọṣọ olóòórùn dídùn di àárọ̀. Èédú gbé ọṣẹ mì, ó gbé òórùn dídùn mì, kò sí ààyè fún abíyá ọmọ mọ́. Ọmọ náà mú un wá fún mi, ó ń ta sánsán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, kò sì wúlò fún ohunkóhun mọ́.

Àlàájì ti wá ń fi òwú pupa rán "ẸNIKẸ́NI MÁ FỌ̀ Ọ́" sára àwọn tuntun báyìí, ó sì ti fi owó òwú náà kún owó iṣẹ́.